Ìgbátí Òrùlé àti Pákó Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ẹ̀kọ́ wa: Deuteronomi 22:8



Òfin kékeré kan ń bẹ nínú ìwé Mósè tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń kà kọjá. Ó pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun pé kí ó mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ jábọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn onílé. Ìgbátí ni Bíbélì Yorùbá, tí a tẹ odindi rẹ̀ jáde ní 1884, pe odi náà. Òrùlé àwọn Júù tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn a sì máa rìn lórí rẹ̀. Òrùlé tiwa ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ òfin náà ha ti ré wa kọjá bí? Rárá o. Níbikíbi tí a bá ti rán ọmọnìkejì wa gun òkè, níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti ń béèrè ìgbátí lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo bí a ti ń gbé alùpùpù, tí à ń pè ní ọ̀kadà, sínú ọkọ̀ akẹ́rù. A gbé orí pákó lé etí ọkọ̀, ìdí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. A kò so ó mọ́ ohunkóhun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tan ẹ́ńjìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ là á yé àwọn ọmọ pé bí táyà ẹ̀yìn ti ń ti alùpùpù síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti pákó sẹ́yìn. Nígbà tí táyà iwájú bá ti wọ inú ọkọ̀, tí ti ẹ̀yìn sì kù lórí pákó, orí pákó lè yọ́ kúrò létí ọkọ̀ lójijì, kí alùpùpù tí ó wúwo tó 100 kìlógíráàmù sì wó lu ẹni tí ó dì í mú.

Kí ni kí a ṣe? Kí a fi okùn tí ó yi tàbí ẹ̀wọ̀n irin so orí pákó ní igun méjèèjì mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀, kí a sì fi ẹsẹ̀ tì í wò. Kí a fi òkúta há táyà ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, nítorí bí ọkọ̀ bá sún síwájú, pákó yóò já bọ́ bákan náà. Kí pákó nípọn, kí ó sì gùn: bí etí ọkọ̀ bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, lórí pákó ẹsẹ̀ bàtà 6, agbára tí a ó fi tì í yóò tó ìdajì ìwúwo alùpùpù, lórí ti ẹsẹ̀ bàtà 9, ìdámẹ́ta ni. Ìlú òkè àti àpáta sì ni Abẹ́òkúta. Bí a bá fi ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjú sí ibi tí ilẹ̀ gbé ga, pákó kò ní dagun púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó lórí alùpùpù náà. Kí ó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pákó kejì tí a so dáradára. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ọlọ́run ń ṣọ́ wa, ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.” Ẹ rántí Matteu 4:5-7. Sàtánì gbé Olúwa wa dé ṣónṣó tẹ́ḿpìlì, ó ní kí Ó bẹ́ sílẹ̀, kí àwọn áńgẹ́lì gbà Á. Olúwa wa kò bẹ́. Ẹni tí ó gbàdúrà tí kò sì so pákó ń dán Ọlọ́run wò. Ọmọ ọlọ́mọ ni ó sì fi ń dán an wò.

Ẹ kíyèsí i pé onílé ni òfin Mósè bá wí, kì í ṣe àlejò tí ó jábọ́. Aláàárù tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ kò lè wí fún ọlọ́kọ̀ pé òun kò ní gùn ún àfi bí a bá so ó. Bí ó bá wí bẹ́ẹ̀, a ó pe ẹlòmíràn. Nítorí náà, ìwọ tí o ni ọkọ̀, ìwọ tí o ni ẹrù, ìwọ tí o dúró tí o ń pàṣẹ, lọ́wọ́ rẹ ni a ó ti béèrè.

Nígbà tí a bá ti ìsìn Aké padà sílé, kí olúkúlùkù wo àyíká rẹ̀: kànga tí kò ní ìdérí, àkàbà tí ó ti jẹrà, pákó tí a kò so. Kí ó tún un ṣe kí oòrùn tó wọ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí ń ṣàánú ẹ̀mí ẹlòmíràn, nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.