Ìjókòó Ìgbákejì

Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Kò sí ẹni tí òwe yìí bá mu tó ìgbákejì ahánbọ́ọ̀lù nínú bẹ́ísìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ahánbọ́ọ̀lù ni ẹni tó máa ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Nínú àwọn mẹ́sàn-án tó ń ṣọ́ pápá, òun nìkan ló kọjú sí gbogbo àwọn yòókù. Láàárín itan rẹ̀ ló ti ń fi ìka ṣàmì fún ajubọ́ọ̀lù: ìka kan, kó sọ ọ́ le tààrà, ìka méjì, kó fi ọwọ́ lọ́ ọ. (Láti 2022, ẹ̀rọ ti ń bá wọn ṣe é.) Orúnkún kì í ṣe irin, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi ń ní ìgbákejì, tó sábà máa ń jókòó ju kó gbá lọ.

Ẹ wo Bruce Bochy. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà nínú líìgì ńlá láàárín 1978 sí 1987, síbẹ̀ eré 358 péré ló bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ eré 162 ni ẹgbẹ́ kan ń gbá lọ́dún kan ṣoṣo. Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gba ife World Series fún ẹgbẹ́ San Francisco ní 2010, 2012 àti 2014, ó tún gbà á fún ẹgbẹ́ Texas ní 2023. Kevin Cash, ìgbákejì mìíràn, ńkọ́? Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, bó bá gbá igi nígbà márùn-ún, kì í sábà bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan. Òun náà ni wọ́n dá lọ́lá ní 2020 àti 2021 gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ta yọ jù ní líìgì American.

Ẹnìkan lè sọ pé ìràwọ̀ ni Dusty Baker nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, òun náà sì gba ife ní 2022 gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àti pé ọ̀pọ̀ ló jókòó títí tí kò sí ohun tó tibẹ̀ jáde. Òótọ́ ni. Bẹ́ǹṣì kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Iṣẹ́ tó so mọ́ ọn ló ń kọ́ni: ìgbákejì ló ń hán bọ́ọ̀lù fáwọn ajubọ́ọ̀lù tó ń mú ara gbóná, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé apá ẹnìkan ti rẹ̀. Níwọ̀n bí kò sì ti lórúkọ tó lè fi pàṣẹ, àlàyé ló kù fún un láti fi yí ẹni tó lókìkí jù ú lọ lérò padà. Ẹni tó bá fi ìjókòó rẹ̀ bínú kò ní rí ìkankan kọ́ nínú ìwọ̀nyí.

Mi ò sọ pé ọ̀nà láti orí bẹ́ǹṣì dé ipò akọ́nimọ̀ọ́gbá dájú o. David Ross, ìgbákejì ahánbọ́ọ̀lù, gbá bọ́ọ̀lù jáde ní eré tó kẹ́yìn World Series 2016 fún ẹgbẹ́ Cubs, lẹ́ni ọdún 39, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í darí wọn gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2020. Ní 2023 wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n mú Craig Counsell, ẹni tí kì í ṣe ahánbọ́ọ̀lù.