Ǹjẹ́ Inú Rere Nìkan Tó?

Àwọn àgbà a máa sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere láàrin àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní ọdọọdún, nígbà ooru, ọ̀pọ̀ ìdílé a kó sínú ọkọ̀ ńlá tí ó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú, wọn a sì máa ti igbó ọba kan bọ́ sí òmíràn: láti Yellowstone, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1872, títí dé Glacier, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1910 lẹ́bàá ààlà Kánádà. Wọn a fi ẹsẹ̀ gun òkè. Wọn a wo ẹfọ̀n, béárì, ìkookò àti àgbọ̀nrín ńlá. Ìfẹ́ ni ó ń gbé wọn rìn, nítorí kò sí ẹni tí í fi ìkórìíra rin irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni èyí: bí ènìyàn bá fi inú rere ṣe ohun tí ó yọrí sí ibi, ǹjẹ́ inú rere náà tó láti dá a láre?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, agbo ẹfọ̀n kan ń la odò Lamar kọjá ní Yellowstone. Ọmọ ẹfọ̀n kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò lè bá ìyá rẹ̀ gòkè odò. Ọkùnrin kan tí ó wá ṣe ìbẹ̀wò rí i, àánú ṣe é, ó sì fi ọwọ́ tì í láti inú odò títí ó fi dé ojú títì. Lójú ẹni tí ń wò ó, iṣẹ́ ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n agbo kò gba ọmọ náà mọ́. Àwọn aṣọ́gbó gbìyànjú léraléra láti dá a padà, pàbó ni ó já sí. Ọmọ ẹfọ̀n náà wá ń tẹ̀ lé ènìyàn àti ọkọ̀ kiri, ó di ewu lójú títì, ni wọ́n bá pa á. Ọkùnrin náà gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi, ó sì san 500 dọ́là owó ìtanràn, yàtọ̀ sí àwọn owó mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ fúnra wọn sọ pé kò sí ohun tí ó fi hàn pé ó ní èrò ibi.

Àwọn kan yóò ní ìdájọ́ yìí le jù. Wọn yóò béèrè pé, ta ni yóò rí ọmọ tí omi fẹ́ gbé lọ tí yóò káwọ́ gbera? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́dànù. Láwùjọ Yorùbá, ẹni tí ó bá rí ọmọ ọlọ́mọ nínú ewu tí kò nawọ́ sí i, ìkà ni. Àmọ́ bí a bá gba ọmọ ènìyàn sílẹ̀, a óò rí ẹni tí a ó fà á lé lọ́wọ́. Bí kò sí ìyá, ìyá àgbà wà. Bí kò sí ìyá àgbà, ará àdúgbò wà. Ọmọ ẹfọ̀n kò ní alágbàtọ́ lẹ́yìn agbo rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ kú sínú igbó, òkú rẹ̀ á di oúnjẹ fún béárì, ìkookò àti ẹyẹ. Nítorí náà, ohun tí ó jẹ́ àánú ní agbo ilé lè di ìpalára nínú igbó. Àánú ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tí a fẹ́ ṣàánú fún.

Kì í sì í ṣe àlejò nìkan ni ó ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yellowstone, àwọn arìnrìn-àjò a máa na oúnjẹ sí béárì láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Béárì a máa jẹun lórí àkìtàn àwọn ilé ìtura, àwọn aláṣẹ sì ṣe ìjókòó sí ẹ̀bá àkìtàn kan kí èrò lè máa wòran. Láàrin 1931 àti 1969, ìpíndọ́gba ènìyàn 48 ni béárì ń ṣe léṣe lọ́dọọdún. Ní Glacier, wọ́n a máa da àjẹkù oúnjẹ síta lálaalẹ́ fún béárì nítòsí ilé àlejò tí ó wà ní Granite Park. Ní òru kan ṣoṣo nínú oṣù kẹjọ 1967, béárì méjì pa ọ̀dọ́bìnrin méjì, ẹni ọdún 19 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú igbó náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ti àwọn àkìtàn pa, ọ̀pọ̀ béárì tí oúnjẹ ènìyàn ti mọ́ lára ni wọ́n sì pa. Ẹni tí ó ju búrẹ́dì sí béárì kò mọ̀ pé ikú ni òun ń jù sí i.

Níhìn-ín ni ó ti yẹ kí a pín àìmọ̀ sí ọ̀nà méjì. Àìmọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé kò sí ẹni tí ì bá wò ó sàn. Arìnrìn-àjò tí ó jókòó síbi tí aláṣẹ ṣe fún un ní ẹ̀bá àkìtàn, ẹ̀bi rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ẹni tí ì bá kọ́ ọ pàápàá ni ó ṣì í lọ́nà. Àìmọ̀ kejì ni èyí tí ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá mú kúrò. Lónìí, a ti fi òfin náà lélẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní Yellowstone: kí a fi 100 yáàdì jìnnà sí béárì àti ìkookò, kí a sì fi 25 yáàdì jìnnà sí àwọn ẹranko yòókù. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí ó wà nítòsí ẹni tí ó mọ̀ tí kò béèrè, kò lè fi àìmọ̀ bojú. A lè yin ọkàn rẹ̀, kí a sì bá ọwọ́ rẹ̀ wí. Ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́. Inú rere ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwà rere. Ìmọ̀ àti ìkóra-ẹni-níjàánu ni ó kù tí yóò sọ ọ́ di oore.

Ní Glacier, ojú ọ̀nà kan tí wọ́n ṣí ní 1933 gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá. Ó há, ó sì kọ́lọkọ̀lọ, nítorí náà ọkọ̀ tí ó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ kò gbọdọ̀ gba apá òkè rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ilé rẹ̀ wá nínú ọkọ̀ ní láti fi í sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí ó wá ọkọ̀ kékeré tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Kò sí ẹni tí ń pe èyí ní ìkà. Bí arìnrìn-àjò bá lè fi ilé sílẹ̀ kí ó tó gun òkè, ó yẹ kí ó lè fi èrò pé òun mọ ohun tí ó dára jù fún ẹranko igbó sílẹ̀ pẹ̀lú.