Olórí àti Ojú Àwọn Ará Ilé Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 6:1–6, Gálátíà 2:11–14

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí kan àwọn tí a fi ṣe olórí níbi tí èdè méjì tàbí mẹ́ta ti pàdé nínú ìjọ kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ nínú wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo Pétérù. Nígbà tí Kọ̀nílíù balógun ọ̀rún ránṣẹ́ pè é, ó wọ ilé ẹni tí kì í ṣe Júù. Ọkùnrin náà wólẹ̀ fún un, Pétérù gbé e dìde. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, ó béèrè ìdí tí wọ́n fi pe òun. Ẹ ṣàkíyèsí i o! Mélòó nínú àwa olórí ló ń béèrè kí a tó pàṣẹ?

Ṣùgbọ́n Pétérù kan náà ni, ní Áńtíókù. Ó ń bá àwọn tí kì í ṣe Júù jẹun, àfi ìgbà tí àwọn kan ti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù dé. Ó fà sẹ́yìn. Bánábà pàápàá bá wọn lọ. Ṣé ó ti gbàgbé ìran tó rí ní Jópà ni? Rárá. Àjèjì kọ́ ló bà á lẹ́rù, ojú àwọn ará ilé rẹ̀ ni.

A mọ ìjọ kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwa náà wà níbẹ̀, a sì jẹ nínú ẹ̀bi náà. Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Fọ̀n tó ń tajà lọ́jà ìlú náà a máa wá, wọn a jókòó lẹ́yìn. Ní ọdún kan, a yí ọjọ́ ìkórè padà, a ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tí a ti dá. Yorùbá nìkan la fi kéde rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ àkọ́kọ́ náà pé, àwọn obìnrin wọ̀nyí ru iṣu, gàrí àti adìyẹ dé. Wọ́n bá ilé àdúrà ní gbígbá, ìkórè ti kọjá. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́kún: ọmọ rẹ̀ tó ṣàìsàn ni Ọlọ́run wò sàn, ìdúpẹ́ rẹ̀ ló gbé wá.

Olórí wa gbọ́ Fọ̀n dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀. Nígbà tí a bi í, ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn àgbà sọ pé òun ti ta ìjọ fún Fọ̀n. Ọdún 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Ọmọ-ọmọ ṣì ń gbọ́ ọ nílé. A kò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ta ata, idà wo ló gbé?

Ní Jerúsálẹ́mù, nígbà tí àwọn tó ń sọ Gíríkì ráhùn pé a ń gbàgbé àwọn opó wọn, àwọn àpósítélì kò ní kí wọ́n mú sùúrù. Ọkùnrin méje ni a yàn, orúkọ Gíríkì sì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ráhùn la ti mú wọn. Níkólásì ará Áńtíókù kì í tilẹ̀ ṣe Júù nípa ìbí. Oúnjẹ la fi lé wọn lọ́wọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ lásán. Ògbufọ̀ la máa ń fún àwọn àlejò wa, a kì í fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ àpótí.

Olórí wa lọ sílé àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tọrọ àforíjì ní èdè wọn. Ní ọdún kejì, ìyá Fọ̀n kan ló di àpótí ìkórè mú. Bàbá àgbà méjì bínú kúrò nínú ìjọ. Ọ̀kan ti padà; ìkejì, a ṣì ń lọ kí i.