Ẹni tí ó Ti Ilẹ̀kùn Ni Yóò Dáhùn: Lórí Sísin Èèrà Nínú Ilé

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tí ó dá ohun ńlá àti ohun kékeré, tí kò sì gbàgbé ìkankan nínú wọn. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin níyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ wa láti inú ìjọ wa yìí, ẹ̀rín ni àwọn kan sì fi rín nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Ọmọkùnrin kan, tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní apá Badore, mú ìyá èèrà kan lẹ́yìn òjò, ó fi í sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń sìn ín nínú yàrá rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí ìgò náà, àyà rẹ̀ já. Ó rò pé oògùn ni. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n da omi gbígbóná sí i. Ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn àfáà léèrè: ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí òun ń ṣe? Tọmọ tọbàbá jọ wá bá wa lẹ́yìn ìrun. A ṣèlérí pé orí mínbárì ni a ó ti dáhùn, nítorí nígbà tí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, a rí i pé kì í ṣe ọmọ náà nìkan ni ó kàn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ìdájọ́ tí ó bá ṣáájú ìmọ̀, àbòsí ni. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àwọn èèrà oníyẹ̀ẹ́ máa ń fò jáde kúrò nínú ilé wọn. Àwọn akọ kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gun abo. Abo yóò bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò gbẹ́ ihò, yóò sì ti ara rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú èèrà, kò ní jẹun, kò sì ní jáde, títí àwọn àkọ́bí rẹ̀ yóò fi dàgbà. Ọ̀rá ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ, àti ẹran ara tí ó fi ń fò tẹ́lẹ̀, tí kò tún wúlò fún un mọ́. Láti inú rẹ̀ ni yóò ti máa bọ́ àwọn ọmọ. Àwọn àkọ́bí náà máa ń kéré, abo sì ni gbogbo wọn. Àwọn ni yóò ṣí ilẹ̀kùn, tí wọn yóò lọ wá oúnjẹ wá fún ìyá wọn. Ìyá náà lè pẹ́ láyé: ọ̀kan nínú àwọn èèrà ilẹ̀ Yúróòpù, tí ènìyàn sìn, lò ju ọdún 28 lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ sin èèrà, ihò yẹn ni yóò fara wé. Yóò bu omi sí ìdí ìgò, yóò fi òwú dí i kí omi má baà ṣàn jáde, yóò sì fi òwú mìíràn dí ẹnu ìgò. Yóò gbé e sí ibi tí ó ṣókùnkùn, kò sì ní máa mì ín, nítorí ìyá èèrà tí ìpayà bá bá lè jẹ ẹyin ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde, yóò máa fún wọn ní ẹ̀kán oyin tàbí omi ṣúgà, àti ègé kòkòrò kékeré. Ọmọ tí a ń sọ yìí dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó rí àkọ́bí. Méje ni wọ́n nígbà tí ó fi wọ́n hàn wá. Bí ó ti di ìgò náà mú, ẹ ó rò pé omi tí ó kún dé ẹnu ni ó gbé dání.

Kí ni ẹ̀sìn wí? Àbúrò Anas ọmọ Mālik, tí wọ́n ń pè ní Abū 'Umayr, ní ẹyẹ kékeré kan tí ó fi ń ṣeré. Ànábì wa kò sọ fún un pé kí ó tú u sílẹ̀. Nígbà tí ẹyẹ náà kú, ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì tù ú nínú. Láti inú hádíìsì yìí ni àwọn onímọ̀ ti mú un jáde pé a lè fi ẹ̀dá sí àhámọ́, bí a bá ń bọ́ ọ tí a kò sì fi ìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà ni ó fún wa ní ìròyìn obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò. Kì í ṣe pé ó ní ológbò ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó tì í mọ́lé, kò fún un ní oúnjẹ, kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá tirẹ̀.

Ní ti èèrà gan-an, Bukhari àti Muslim gbà á wá pé èèrà kan bu ànábì kan jẹ nínú àwọn ànábì ìṣáájú, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n sun gbogbo ilé wọn. Ọlọ́hun bá a wí: nítorí ọ̀kan ṣoṣo, ó sun ìjọ kan tí ń ṣe àfọ̀mọ́ fún Ọlọ́hun. Nítorí náà, bàbá wa, omi gbígbóná tí ẹ fẹ́ dà yẹn wúwo ju ìgò ọmọ yín lọ. Èyí tí ó bá wọ inú ọbẹ̀ wa tí ń yọ wá lẹ́nu, a lè lé e; ṣùgbọ́n èyí tí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ni ó ṣe?

Ẹnìkan lè wá sọ pé: Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Súrà Al-An'ām pé ìjọ bíi tiwa ni àwọn ẹ̀dá tí ń rìn lórí ilẹ̀. Ẹ̀tọ́ wo ni a wá ní láti fi odindi ìjọ sínú ìgò? Ìbéèrè yìí le, a kò sì fẹ́ fò ó. Òótọ́ ni pé nínú oko pàápàá, ìyá èèrà ìbá ti ara rẹ̀ mọ́ inú ihò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì yàtọ̀ sí èyí tí a tì mọ́ ọn, bí ihò méjèèjì tilẹ̀ jọ ara wọn. Ti àkọ́kọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò ṣí i. Ti èkejì, ọwọ́ wa ni ó kù sí. Ní ọjọ́ tí a fi òwú dí ẹnu ìgò yẹn, oúnjẹ tí wọn ìbá fi ẹsẹ̀ ara wọn wá di gbèsè lọ́rùn wa. Ìdáhùn wa nìyí: kì í ṣe hàráàmù, ṣùgbọ́n àmáánà ni, Ọlọ́hun yóò sì béèrè rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ wa, bi ara rẹ léèrè. Ṣé wàá rántí wọn ní ọjọ́ ìdánwò? Ta ni yóò fún wọn lómi bí ẹ bá lọ sí ìlú fún ọdún Iléyá? Bí méje bá di ẹgbẹ̀rún, níbo ni wọn yóò gbé? Bí ó bá sú ọ, ibi tí o ti mú ìyá wọn ni kí o dá wọn padà sí. Má ṣe ra èèrà ilẹ̀ òkèèrè, nítorí bí ó bá jáde, ó lè ba ti ilẹ̀ wa jẹ́. Má sì jẹ́ kí owó wọ̀ ọ́. Ní ọdún 2025, ní Naivasha ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ará Belgium, ọmọ ọdún 19, pẹ̀lú nǹkan bí 5,000 ìyá èèrà nínú ìgò kéékèèké tí ó lé ní 2,200, òwú lẹ́nu gbogbo wọn. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san mílíọ̀nù kan ṣílè Kẹ́ńyà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n oṣù 12. Ìgò kan náà ni, òwú kan náà ni. Ohun tí ó wà lọ́kàn àti iye tí a kó ni ó yàtọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ mọ àwọn ẹ̀dá Ọlọ́hun láìfi ìgò ṣe é, igbó Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, kò jìnnà sí wa. Hẹ́kítà 78 ni, ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ yìí kan náà ni ó sì wà.

Kútúbà kejì.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, a ti sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn. Àdúgbò onígéètì ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé, láti Ikate títí dé Sangotedo. Lẹ́yìn géètì náà, ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà tí a tì mọ́lé láti àárọ̀ títí a ó fi dé láti Island, àjẹkù ni oúnjẹ rẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní ẹnu géètì tí a kò tíì san owó oṣù méjì fún, tí a sì ń kí ní "báwo ni" ní àràárọ̀. Ọmọ kékeré kan lè dìde lóru kí ó wo bóyá omi kù fún èèrà méje. Àwa ńkọ́?

Nínú Súrà An-Naml, èèrà kan rí ọmọ ogun Ànábì Sulaimọ̀n, ó sì ké sí àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n wọ ilé wọn, kí àwọn ọmọ ogun má baà tẹ̀ wọ́n fọ́ láìmọ̀. Ẹ wo bí ó ti ro rere sí àwọn alágbára: ó gbà pé bí wọ́n bá tẹ òun, wọn kò mọ̀ ni. Àwíjàre yẹn wà fún ẹni tí ń kọjá lọ lójú ọ̀nà. Kò sí fún ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Ọlọ́hun, má ṣe jẹ́ kí á jẹ́ ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn tí ó gbàgbé. Ṣe wá ní ẹni tí ń ṣàánú ohun tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ wa, kí Ìwọ náà lè ṣàánú wa. Bùkún fún àwọn ọmọ wa, kí O sì fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní kún ìmọ̀ wọn. Foríjin àwa, àwọn òbí wa àti gbogbo Mùsùlùmí, alààyè àti òkú. Àmín.