Ìrora Àyà Tí Ó Padà Wá: Ta Ni Ó Ni Ìpinnu?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàrin wa tí a kò lè ṣàì mú wá síwájú yín, nítorí kò sí ilé tí irú rẹ̀ kò lè dé.

Màmá kan nínú ẹgbẹ́ wa lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2022. Ibẹ̀ ni àyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, wọ́n sì fi stent méjì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀. Ọ̀pá oníhò kékeré tí a fi wáyà hun ni stent. Ọ̀nà iṣan ọwọ́ tàbí ti itan ni wọ́n ń gbà tì í wọlé láti la ibi tí ó ti há. Láti ọdún 1986 ni àwọn dókítà ti ń fi í sínú ọkàn ènìyàn. Ọdún méjì ni ọmọ náà fi san gbèsè rẹ̀.

Màmá padà wálé, ara rẹ̀ yá. Nígbà tí ó ṣe, a ṣàkíyèsí pé bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn, á dúró láàrin, á máa tún gèlè ṣe. Oṣù mẹ́rin ni ó fi ń tún gèlè yìí ṣe kí ó tó jẹ́wọ́ pé àyà tún ń fún òun. Ó ní, “Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè tán. Ojú wo ni kí n fi wò ó, kí n sọ fún un pé ohun tí ó fi owó rẹ̀ ṣe kò tọ́jọ́?”

Ìyá tí ó fi ìrora pamọ́ nítorí àánú ọmọ, ṣé irọ́ ni ó pa, àbí ìfẹ́ ni ó fi hàn? Ìfẹ́ ni, lójú tiwa. Ṣùgbọ́n ó fi ìfẹ́ náà gba ẹ̀tọ́ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọmọ tí kò mọ̀ kò lè ṣe ìtọ́jú.

Àwa náà kò ṣe dáadáa. Ẹnìkan ní kí ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ẹlòmíràn ní kí ni ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tún ń wá lọ́dọ̀ dókítà. Ẹnìkan tilẹ̀ wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. (A ti tọrọ àforíjì lórí gbólóhùn yẹn.) Gbogbo wa ń pàṣẹ bí ẹni pé àyà tiwa ni ó ń dùn.

Dókítà ló là wá lóye. Ẹran ara lè hù sínú stent kí ó tún há. Ibòmíràn lè dí. Ó sì lè jẹ́ àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí stent kò lè wọ̀. Nígbà mìíràn, inú tàbí ẹran àyà ni ó ń dùn, kì í ṣe ọkàn rárá. Àyẹ̀wò ni yóò sọ ọ́. Bí ìrora bá dé nígbà tí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ tí kò sì lọ, tàbí tí ó ń le sí i, kò sí ìpàdé ẹbí kankan mọ́: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìgbà tí a bá ṣe wàhálà nìkan, tí ìsinmi sì ń mú un lọ, àyè wà láti rò ó. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ISCHEMIA jáde ní ọdún 2020, aláìsàn 5,179 ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tètè fi stent tàbí iṣẹ́ abẹ tọ́jú kò pẹ́ láyé ju àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn tọ́jú lọ. Àmọ́, àwọn tí àyà ti ń dùn rí ìtura jù.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí Màmá ní láti wọ̀n ni bí ìrora tí òun lè fara dà ṣe pọ̀ tó, àti wàhálà tí òun fẹ́ gbà láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni ó lè bá a wọ̀n ọ́n? Ọmọ tí ó sanwó lè sọ èrò rẹ̀, ó sì tọ́ kí a gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n owó kò ra àyà ìyá rẹ̀.

Màmá ní kí wọ́n fi kún oògùn òun fún oṣù mẹ́ta. Bí kò bá sàn, yóò gbà kí wọ́n tún wo inú iṣan náà. Kò fi ọjọ́ kan pa oògùn àtijọ́ jẹ. Ọmọ rẹ̀ sunkún lórí fóònù, inú rẹ̀ kò sì tíì dùn sí i títí di òní. Díẹ̀ nínú wa pẹ̀lú kò fara mọ́ ọn.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ọmọ náà a pè láti Lọ́ńdọ̀nù: “Màmá, àtẹ̀gùn mélòó lẹ gùn lónìí kí ẹ tó dúró?” Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mẹ́sàn-án ni nínú méjìlá.