Orí Kan Ló Ń Kọ̀wé, Etí Púpọ̀ Ló Ń Gbọ́ Ọ

Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé bá kó ara wọn jọ láti ka iṣẹ́ wọn sí ara wọn létí, ìbéèrè kan wà lábẹ́ ìpàdé náà tí wọn kì í sábà bi ara wọn. Yorùbá gbà pé àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá: kálukú ló dá kúnlẹ̀ yan orí tirẹ̀, kò sí ọ̀rẹ́ tó bá a yàn án. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí náà kò jiyàn pé Ọlọ́run ní ń pín ẹ̀bùn, ẹni tó sì wù ú ló ń fún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ìwé kíkọ bá jẹ́ ohun tí orí ẹni gbé wá sáyé, kí ni ẹgbẹ́ ń wá nínú rẹ̀? Ṣé a lè para pọ̀ ṣe ohun tí Ẹlẹ́dàá fi lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́? Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé kò ju ibi tí a ti ń najú, tí a ti ń jẹ, tí a ti ń mu lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé orí ló ń fúnni ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kò lè mọ ara rẹ̀ láìsí etí ẹlòmíràn. Nítorí náà, gbígbọ́ tí òǹkọ̀wé ń gbọ́ iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ kọjá fàájì. Ojúṣe ni, ara ìwà ọmọlúàbí ni.

Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere tó ìdí iṣẹ́ ìwé. Ẹni tó kọ ìtàn ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́. Nígbà tó bá ń ka ojú ewé rẹ̀, ó ń ka ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ibi tí ìtàn ti fò, ọkàn rẹ̀ á dí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti rú, òye rẹ̀ á là á. Olùgbọ́ kò ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀ tí yóò fi dí i. Ohun tó dé etí rẹ̀ nìkan ló ní, ìdí nìyí tó fi lè sọ òótọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ kò lè sọ fún ara rẹ̀. Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí orí ohùn ni ìtumọ̀ dúró lé. Ewì tó dára lójú ìwé lè fọ́ nígbà tí a bá gbé e sẹ́nu. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó yẹ kó dáhùn ara wọn ní ìparí ìlà kò dáhùn, etí á sì gbọ́ àléébù tí ojú gbójú fò. Bó ti wù kí ẹ̀bùn pọ̀ tó, kò lè sọ ẹlẹ́bùn di olùgbọ́ ara rẹ̀.

Àṣà yìí kò bá ìwé dé. Adébóyè Babalọlá, tó ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí ìjálá tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1966, ṣàlàyé bí ó ṣe máa ń rí ní àwùjọ àwọn ọdẹ. Bí ẹnì kan bá ń sun ìjálá, tí òmíràn sì rí i pé oríkì tó ń kì kò tọ̀nà, á dá a lóhùn ní gbangba, á fi ìjálá sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá wí kò ní láti dákẹ́; òun náà lè fi ìjálá fèsì pé bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn, kí a jẹ́ kí kálukú tọ ipa ẹsẹ̀ ọ̀gá tirẹ̀. Níbi tí àwọn babaláwo bá ti ń sun ìyẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń lé ẹsẹ Ifá kò dá wà. Àwọn yòókù ń gbè é lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan láti fi hàn pé ó tọ̀nà, bó bá sì ṣì í, wọ́n á tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ tí a gbà pé ti Ọ̀rúnmìlà ni, ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn la fi ń ṣọ́ ọ. A kò fi í sílẹ̀ fún agbárí ẹnì kan, bó ti wù kí ẹni náà mọ Ifá tó. Àwọn baba wa ti dá ìlànà méjì sílẹ̀ nípa báyìí: pé kí á báni wí lójú àwùjọ, kì í ṣe lẹ́yìn ẹni, àti pé kí ẹni tí a bá wí ní ẹ̀tọ́ láti fèsì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí tákàdá, ìlànà náà bá a lọ. Lọ́dún 1961, Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, àti àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti Ezekiel Mphahlele tó sá kúrò ní South Africa, dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ nígboro Ìbàdàn. Wọ́n ń ṣeré níbẹ̀, wọ́n ń pàtẹ àwòrán, wọ́n ń ka ewì, wọ́n sì ń tẹ ìwé. Mbari ló tẹ Heavensgate tí Okigbo kọ jáde lọ́dún 1962. Lọ́dún kan náà ló tẹ A Walk in the Night jáde fún Alex La Guma, ẹni tí ìjọba aláwọ̀ funfun ti South Africa fi òfin dí lẹ́nu nílé. Dúró Ládiípọ̀ kọ orin fún ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo, ó fi ìlù ilẹ̀ wa sí i, àwọn kan nínú ìjọ sì bínú pé ìlù òrìṣà kò yẹ ní ilé Ọlọ́run. Mbari ní Ìbàdàn gba iṣẹ́ náà sí gbọ̀ngàn rẹ̀. Lọ́dún 1962, Ládiípọ̀ dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo, ibẹ̀ ni a sì ti gbé Ọba Kò So jáde lọ́dún 1963. Ẹ̀bùn Ládiípọ̀ kò ti ọwọ́ Mbari wá. Orin náà ti wà lọ́kàn rẹ̀, ìlù náà ti wà létí rẹ̀. Ohun tí ó rí gbà níbẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ gbọ́ ọ dé òpin kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́, ohun tí àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ kò fún un sì nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ já mi ní irọ́ lè mú Amos Tutùọlá wá. Mẹ́séńjà ni nílé iṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, kò sí ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó kọ The Palm-Wine Drinkard, síbẹ̀ wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952, òkìkí rẹ̀ sì kàn yí ayé ká. Àtakò yìí lágbára, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ jókòó ti tákàdá. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè kọ gbólóhùn kan tó ní ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ṣé Tutùọlá dá wà lóòótọ́? Àlọ́ àti ìtàn iwin tó kún inú ìwé rẹ̀ ti gba ẹnu ọ̀pọ̀ apàlọ́ kọjá, àwọn ọmọ tó ń gbe ègbè ti já ibi tí kò dùn dànù láti ìran dé ìran. Ṣáájú rẹ̀, Fágúnwà ti la ọ̀nà inú igbó bẹ́ẹ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ lọ́dún 1938. Ẹni tó jókòó nìkan nínú yàrá lè wà láàárín ẹgbẹ́ àwọn tó ti kú. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti àwọn òṣèré rẹ̀ sọ ìtàn náà di eré ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1963, Yorùbá tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì rí ohun tí Tutùọlá ní fún wọn. Dídá kọ ọ́ kò túmọ̀ sí dídá ní in.

Àwọn mìíràn á gba ọ̀nà ẹ̀sìn wọlé. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀mí Mímọ́ bá fi sí ènìyàn nínú kò yẹ kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara máa tún un ṣe. Kí irú wọn wo bí Bíbélì Yorùbá ṣe dé ọwọ́ wa. Àjàyí Crowther ni orúkọ rẹ̀ lékè níbẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò dá ṣe é. Thomas King bá a ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ náà, Crowther fúnra rẹ̀ sì máa ń tẹ́tí sí àwọn àgbà, àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ pàápàá, láti mú ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ lẹ́nu wọn. Lọ́dún 1875, wọ́n péjọ l'Ékòó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì tó jáde. Bí ọ̀rọ̀ tí àwọn Kristẹni kà sí ti Ọlọ́run gan-an bá gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, ewì tèmi tìrẹ kò ga ju ìyẹn lọ. Ìmísí kò sọ pé kí a má ṣe yẹ òun wò. Ìgbéraga ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ rẹ̀.

Àtakò kan tún wà tó bà mí lọ́kàn jẹ́ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, nítorí pé a ń rí i lójoojúmọ́: pé ẹgbẹ́ ń sọ ohùn gbogbo di ọ̀kan, tàbí kó di ibi ìpọ́nra-ẹni-lé, tàbí kí ìlara jẹ ẹ́ run. Àìsàn ni gbogbo rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe àbínibí. Ẹni tó bá ka Okigbo, Clark àti Ṣóyínká pọ̀ kò ní ṣi ọ̀kan pè fún ìkejì. Jíjókòó pọ̀ kò gba ohùn lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń gba ohùn ni pé kí ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ máa wá ara rẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn, kó ní bí òun ì bá ṣe kọ ọ́ ló dára. Ìlànà àwọn oníjàálá ni oògùn rẹ̀: sọ ohun tí o gbọ́, kí o sì jẹ́ kí onítọ̀hún tọ ipa ọ̀gá tirẹ̀. Ní ti ìpọ́nra-ẹni-lé, ìwà ló ń wò ó sàn. Ìyìn tí kò tọ́ sí iṣẹ́ jẹ́ irọ́, ẹni tó bá sì purọ́ fún òǹkọ̀wé nípa ìwé rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ kó lọ tẹ́ lójú àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Owó náà kò ṣeé fojú fò. Àjọ kan tó ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom wà lára àwọn tó ń fún Mbari lówó. Ní nǹkan bí ọdún 1967 ni àṣírí tú pé CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ló ń fi owó ránṣẹ́ gba ẹ̀yìn Congress náà. Mi ò rí i kà nínú àwọn ìwé tí Mbari tẹ̀ pé amí ló kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n owó tí a kò mọ orísun rẹ̀ ń fi àbààwọ́n sára ohun tó mọ́. Ẹgbẹ́ kékeré tó ń dáwó fúnra rẹ̀, tó sì ń pàdé nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, ní òmìnira tí gbọ̀ngàn ńlá kò ní.

Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà dé. Lọ́dún 1967, Okigbo gbé ìbọn fún Biafra, ó sì kú sójú ogun. Achebe wà ní ìhà Biafra, Clark wà ní ìhà ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì ti Ṣóyínká mọ́lé láti 1967 títí di 1969. Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni ẹgbẹ́ wúlò fún nígbà tí kò lè dá ogun dúró, mo gbà pé kò lè dá a dúró. Kò sí ìgbà kan tó ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe hàn lẹ́yìn ogun. Lọ́dún 1978, Achebe àti Dubem Okafor kó ewì jọ sínú ìwé kan ní ìrántí Okigbo. Lọ́dún 1986, nígbà tí wọ́n dájọ́ ikú fún Ọ̀gágun Mamman Vatsa, tí òun náà jẹ́ akéwì, lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀gbàjọba, Achebe, Ṣóyínká àti Clark jọ lọ bá olórí ìjọba, Ọ̀gágun Babangida, l'Ékòó láti bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí ogun kò fi sí ojú kan náà, tí ìjà àti èdè-àìyedè ti wáyé láàárín wọn, fi ẹsẹ̀ kan rìn lọ nítorí ẹni tó jẹ́ ará wọn nínú ọ̀rọ̀. Wọ́n pa Vatsa síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn náà kò di òfo, torí ó jẹ́rìí pé ẹni tó bá ti kọ́ láti gbọ́ ohùn ẹnìkejì lórí ewé ìwé lè gbọ́ ọ nígbà tí ohùn náà wà nínú ewu.

Ibi tí mo bá ìbéèrè orí dé nìyí. Bí Ẹlẹ́dàá bá fẹ́, ì bá fún ẹnì kan ní ẹnu àti etí tó tó fún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ó fún ọ̀kan ní ìtàn, ó fún òmíràn ní òye ibi tí ìtàn náà ti rọ. Pínpín tí ó pín in fi hàn pé ó fẹ́ kí a máa wá ara wa. Nítorí náà, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kóra jọ nísinsìnyí ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Iléṣà tàbí Kútọnu má ṣe ka ìpàdé wọn sí ohun kékeré. Kí wọ́n máa ka iṣẹ́ wọn sókè, kí ẹni tó ń gbọ́ gbọ́ dé òpin, kí ó sọ òótọ́ lójú onítọ̀hún, kí onítọ̀hún ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Gbèsè méjì ló wà lọ́rùn ẹni tí a fún ní ẹ̀bùn ọ̀rọ̀: ó jẹ Ẹlẹ́dàá ní iṣẹ́ tó mọ́yán lórí, ó sì jẹ ẹnìkejì rẹ̀ ní etí. Ẹni tó bá san ti àkọ́kọ́, tó kọ̀ láti san ìkejì, ṣì wà nínú gbèsè, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ dára tó.