Ẹlẹ́rìí Kan Ṣoṣo

Nígbà tí ìrora bá mú Yorùbá, ẹ̀yà ara ni ó máa ń fi ṣe olùwà nínú gbólóhùn, òun fúnra rẹ̀ a sì di àbọ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Orí ń fọ́ mi. Inú ń run mí. Ọgbẹ́ ń ta mí. Àfi bí ẹni pé ẹ̀yìn ti di ẹrú tí ó dìde sí olówó rẹ̀. (Pé dùn yìí náà ni a fi ń sọ ti oyin, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè.) Ní ọdún 1975, Ronald Melzack ti Yunifásítì McGill ní Kánádà to ọ̀rọ̀ 78 jọ kí aláìsàn lè ṣa èyí tí ó bá ìrora rẹ̀ mu nínú wọn. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni ọ̀nà tí dókítà ní láti fi mọ ohun tí ń ṣe é. A lè fi ẹ̀rọ wọn ibà, a sì lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ní ti ìrora, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ó ní, ẹlẹ́rìí náà sì ni olùpẹ̀jọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà jẹ́ irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí. Ojú abẹ jinná, àwòrán eegun rẹ̀ kò fi àbùkù kankan hàn mọ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń jó o bí ẹni pé ó tì í bọ iná. Ọdún mẹ́fà ni ó fi ń jẹun lórí ìdúró. Àwọn kan nínú ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ọ̀lẹ ni, pé owó ìrànwọ́ ìjọba ni ó ń wá. Mo gbọ́, n kò sì dá wọn lẹ́kun. Ọ̀ràn kò dun ọmọ ẹṣin. A mú ìyá rẹ̀ so, ó ń jẹ oko kiri.

Nígbà tí ó yá, àwọn dókítà ki wáyà tín-ín-rín kan bọ inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́bàá okùn tí iṣan ìmọ̀lára ń gbà ránṣẹ́ sí ọpọlọ, kí iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ lè máa kọjá níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, bátìrì wà ní ìta. Bí ìrora kò bá dín kù tó ìdajì, wọn a yọ ọ́. Tirẹ̀ dín kù, wọ́n sì sin bátìrì sábẹ́ awọ ìdí rẹ̀.

Melzack yìí kan náà àti Patrick Wall ni wọ́n ṣí ọ̀nà fún irú ìtọ́jú yìí ní 1965, nígbà tí wọ́n sọ pé ẹnu ọ̀nà kan wà nínú okùn ẹ̀yìn tí iṣẹ́ ìrora gbọ́dọ̀ gbà kọjá, àti pé ìmọ̀lára mìíràn lè ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn. Ṣebí ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fọwọ́ ra ibi tí a bá fi gbá. Ní 1967, Norman Shealy fi irú ẹ̀rọ náà àkọ́kọ́ sí ẹ̀yìn aláìsàn kan. Ṣùgbọ́n àtayébáyé ni wọ́n ti ń fi iná wo ìrora. Scribonius Largus, oníṣègùn ará Róòmù, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn pé kí wọ́n gbé ẹja òkun kan tí ó ń gbọn ni lé orí ẹni tí orí ń fọ́. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan òjìjí nínú odò wa rí kò ní ṣe iyàn jíjà.

Ní 2022, mo ka ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nọ́wè. Aláìsàn 50 ni, tí ẹsẹ̀ ń ro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbàdí, ẹ̀rọ sì wà lára wọn. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta: lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, lẹ́ẹ̀mejì ó wà ní pípa. Irú iná tí wọ́n lò kì í ṣe èyí tí aláìsàn ń mọ̀ lára, nítorí náà wọn kò mọ èwo ni èwo. Ara tù wọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tù wọ́n bákan náà nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Àwọn kan ta kò ó pé irú iná kan péré ni wọ́n dán wò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

Ìdí ni pé bátìrì ẹ̀gbọ́n mi ti ń kú lọ, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò tún fi abẹ kàn án láti pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé kí n sọ fún un? Bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó ń wò ó sàn, ta ni mí tí n óò fi já a gbà? Bí n kò bá sì sọ, ọmọdé ni mo kà á sí. Mo jẹ́ kí wọ́n là á, kí ó náwó gọbọi, nítorí ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó rí gbà láìlo abẹ. Ohun kan tún ń dẹ́rù bà mí jù méjèèjì lọ, pé ẹbí yóò gbọ́, wọn yóò sì ní, “A kúkú ti sọ, kò sí ohun tí ń ṣe é.” Èyí ni àṣìṣe tí n kò fẹ́ lọ́wọ́ sí mọ́. Bí ìrora bá lọ nítorí pé a retí pé yóò lọ, ìyẹn kò sọ pé kò wá rí. Ara kan náà ni ó ń retí, òun náà ni ó ń jìyà.

Mo pè é, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ títí.

“Àbúrò,” ni ó wí, “ọjọ́ tí dókítà yẹn wò mí lójú, tí ó ní òun gbà mí gbọ́, mo sùn di òwúrọ̀. Wọn kò tíì ki wáyà kankan bọ̀ mí nígbà náà.” Lẹ́yìn náà ni ó bi mí, “Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbà mí gbọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí,” ni mo fi dá a lóhùn.

Kò sọ bóyá ó dárí jì mí. Ó ní tòun náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń mọ̀ lára, nítorí náà òun yóò fa rìmóòtù ẹ̀rọ náà lé ọmọbìnrin òun lọ́wọ́, kí ó máa tàn án, kí ó máa pa á bí ó ti wù ú fún oṣù kan láìsọ fún òun, kí ó sì máa kọ ọjọ́ sílẹ̀. Òun yóò máa kọ ti òun lọ́tọ̀. Wọ́n ti sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí oṣù náà pé.